Ìbọn Ń Yára, Ta Ni Yóò Kọ́ Ìka Ní Sùúrù?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní: ìbọn ní apátí, ìbọn kò ní apátí, ta ni yóò gbà kí a kọ ojú rẹ̀ sí òun? Ẹni tí ó kọ́kọ́ pa òwe yìí mọ ìbọn dunjú. Ó mọ̀ pé ìbọn tí kò ní apátí kò lè ró, nítorí pé apátí ni ó ń ṣá iná sí ẹ̀tù. Síbẹ̀, ó mọ̀ pé ẹni tí a dojú ìbọn kọ kò ní dúró bèèrè bóyá apátí wà lára rẹ̀ tàbí kò sí. Ọgbọ́n tí ó wà nínú òwe náà ni pé ohun tí ó lè gba ẹ̀mí, a kì í fi ṣe eré, a kì í sì í sọ pé ó ṣófo. Òwe náà ti pẹ́ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ó dàbí ẹni pé ayé ìsinsìnyí gan-an ni ó wúlò fún jùlọ.

Ìbọn kì í ṣe ohun àjèjì ní Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀. Láti Másífà dé Ìṣùndunrin, láti Ìláwó dé Ifẹ́-Ọdàn, kò sí ìlú tí kò ní ẹgbẹ́ ọdẹ, kò sì sí abà tí iná ọdẹ kì í tàn ní òru. Ilẹ̀ tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé ni ilẹ̀ náà, Ògbómọ̀ṣọ́ wà ní òkè rẹ̀, Ìwó àti Ẹdẹ sì wà ní ìsàlẹ̀. Ọ̀yà, ehoro, ẹtu àti ìgalà ni ọdẹ ń wá kiri níbẹ̀. Ìbọn tí a mọ̀ mọ́ ọdẹ wọ̀nyí ni ṣakabùlà, èyí tí a ń ki ẹ̀tù àti ọta sí láti ẹnu, tí alágbẹ̀dẹ wa sì ń rọ fúnra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó gba ẹnu àwọn ọ̀dọ́ báyìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣakabùlà mọ́. Ìbọn tí ń ki ara rẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Wọ́n ń rí i nínú sinimá, wọ́n ń rí i lórí ẹ̀rọ alágbèéká, àwọn kan tí wọ́n ti ìlú òyìnbó dé sì ti fi ọwọ́ ara wọn yìn ín. Ìbéèrè wọn ni pé: bí ìbọn tí ó yára, tí ó fúyẹ́, tí owó rẹ̀ kò sì ga jù bá wà ní ayé, kí ni àwọn bàbá wa tún ń fi ìbọn ayé àtijọ́ ṣe nínú igbó? Ìbéèrè náà kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀. Ó yẹ kí a dá a lóhùn, kí á má sì fi ìbínú dá a lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kan. Ọmọ ọdẹ ni ní Èjìgbò. Iṣẹ́ gbé e dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì mú un lọ sí pápá ìyìnbọn ní ọjọ́ Sátidé kan. Ìbọn tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ kì í ṣe ìbọn ọlọ́lá. Irú rẹ̀ ni Ruger 10/22, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní ọdún 1964, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà sì fi kọ́ ìbọn yíyìn. Ìwọ̀n rẹ̀ kò ju ti iṣu kan tí ó dàgbà lọ. Ọta mẹ́wàá ni ilé ọta rẹ̀ ń gbà. Bí ìka bá fa irin rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọta kan yóò jáde. Agbára ìró náà fúnra rẹ̀ ni yóò ti irin inú ìbọn sẹ́yìn, tí yóò da eèpo ọta tí ó ti ró nù, tí yóò sì gbé òmíràn sí ipò rẹ̀. Kò sí pé à ń wọn ẹ̀tù, kò sí pé à ń fi ọ̀pá ki í. Ìka tún fà á, ó tún ró.

Ohun tí ó kọ́kọ́ ya ọmọ náà lẹ́nu ni pé ìbọn náà kò ta á nípàá. Ṣakabùlà baba rẹ̀ a máa gbá èjìká bí ìgbà tí àgbò bá kan ènìyàn, èéfín rẹ̀ a sì bo ojú tó bẹ́ẹ̀ tí ọdẹ kò ní mọ̀ bóyá ẹran ṣubú tàbí ó sá lọ. Èyí kàn jì díẹ̀ ni, ó sì dákẹ́. Ohun kejì ni pé ọta kìíní bọ́ sí àárín àmì gan-an, nítorí pé ó fara balẹ̀, ó sé èémí, ó sì fi ojú sùn ún. Ìkejì sún mọ́ ọn. Nígbà tí yóò fi di ìkẹfà, ayọ̀ ti wọ inú ọ̀ràn náà, ìka ti ń sáré ju ojú lọ. Ìgbà tí ilé ọta ṣófo, wọ́n lọ wo ìwé tí wọ́n ya àmì sí. Ihò mẹ́fà péré ni ó wà lára rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó pe baba rẹ̀ lórí tẹlifóònù.

“Bàbá, ìbọn náà dára púpọ̀. Kí n tó ṣẹ́jú, ọta mẹ́wàá ti lọ.”

“Ó dára, ọmọ mi. Mélòó ni ó ba ohun tí o fi ojú sùn?”

“Mẹ́fà, Bàbá.”

“Mẹ́rin yòókù ńkọ́? Ta ni wọ́n bá?”

Ìbéèrè baba yìí ni kókó gbogbo ọ̀rọ̀. Ní pápá ìyìnbọn, òkìtì erùpẹ̀ ńlá ni ó gba ọta mẹ́rin náà. Ìdí tí wọ́n fi mọ òkìtì síbẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní oko Èjìgbò, ta ni yóò mọ òkìtì? Obìnrin tí ó ń ṣẹ́ igi ni ó wà lẹ́yìn ẹran, tàbí ọmọdé tí ó ń ti odò bọ̀, tàbí àgbẹ̀ tí ó tẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí ebè. Ọta kékeré tí irú ìbọn yẹn ń lò, tí kò nípọn tó ìka ọmọdé, lè fò ju máìlì kan lọ bí ohunkóhun kò bá dá a dúró. Máìlì kan láti ìdí igi tí ọdẹ dúró sí lè gba abà mẹ́ta kọjá.

Àwọn tí ó ń wo ìlú òyìnbó láti òkèèrè rò pé níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kàn ń gbé ìbọn, ó kàn ń yìn ín. Wọn kò rí òfin tí ó yí pápá náà ká. Kí wọ́n tó jẹ́ kí àlejò fi ọwọ́ kan ìbọn, wọn yóò ka ìlànà sí i létí. Gbogbo ìbọn ni kí o gbà pé ọta wà nínú rẹ̀. Má ṣe kọ ẹnu rẹ̀ sí ohun tí o kò fẹ́ bàjẹ́. Má ṣe fi ìka kan irin rẹ̀ títí ojú rẹ yóò fi wà lórí àmì. Mọ ohun tí o fẹ́ yìn, kí o sì mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọn yóò fi ìdití bo etí rẹ̀, wọn yóò fi awò bo ojú rẹ̀. Bí alábòójútó bá kígbe pé kí gbogbo ènìyàn dáwọ́ dúró, ọlọ́rọ̀ àti tálákà ni yóò gbé ìbọn sílẹ̀.

Ẹ tún àwọn ìlànà mẹ́rin yìí wò dáadáa. Èwo nínú wọn ni ọdẹ ilẹ̀ wa kò mọ̀? Èyí àkọ́kọ́ ni òwe apátí tí a fi bẹ̀rẹ̀. Ìyókù ni ohun tí baba fi ń kọ́ ọmọ tí ó ń gbé àpò tẹ̀lé e nínú igbó. Ọmọ ọdẹ kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbọn. Ó ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹsẹ̀: bí a ti ń rìn tí ewé gbígbẹ kò fi ní dún. Lẹ́yìn náà ni ó kan ojú: bí a ti ń mọ ipasẹ̀ ẹtu yàtọ̀ sí ti ewúrẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó kan imú àti afẹ́fẹ́. Ìka ni ó ń gba ẹ̀kọ́ gbẹ̀yìn, ó sì lè tó ọdún bíi mélòó kan kí ó tó kàn án. Ohun tí òyìnbó fi pátákó kọ sí ẹnu ọ̀nà pápá, ẹnu àgbà ni a fi ń gbà á níhìn-ín.

Ṣakabùlà fúnra rẹ̀ tún jẹ́ olùkọ́. Ọdẹ yóò wọn ẹ̀tù láti inú àdó, yóò dà á sí ẹnu ìbọn, yóò fi ọ̀pá ki í, yóò fi ohun dídì dí i, yóò kó ọta sí i, yóò tún dí i, lẹ́yìn náà ni yóò tọ́jú ibi tí apátí yóò lù. Ọmọ ogun tí a kọ́ dáadáa ní ayé àtijọ́, tí irú ìbọn yìí jẹ́ iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀, kò lè yìn ju bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ọdẹ inú òkùnkùn kò sì lè yá tó o. Ẹni tí ó mọ̀ pé ìró kan ṣoṣo ni òun ní kì í fi ṣòfò. Ó ń wò, ó ń tún un wò. Ìjáfara ìbọn ni ó fún ojú ní àyè láti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bí ìbọn bá wá yára tó bẹ́ẹ̀ tí kò fún ojú ní àyè mọ́, a jẹ́ pé inú ẹni tí ó gbé e dání ni sùúrù ti gbọ́dọ̀ wá, nítorí kò sí nínú irin náà.

Ìtàn ilẹ̀ Yorùbá fi èyí hàn. Nígbà ogun Òwu, láàárín ọdún 1820 sí 1830, àgèdèǹgbé ni àwọn Òwu gbójú lé, akọni sì ni wọ́n nínú ìjà ojúkojú. Ṣùgbọ́n àwọn Ìjẹ̀bú tí wọ́n ń bá ará etí òkun ṣòwò gbé ìbọn wá, ìbọn náà sì wà lára ohun tí ó mú Òwu wó. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ìlú ti ń wá ìbọn kiri. Ogun Kírìjì tún dé ní ọdún 1877. Ìbàdàn, tí Èjìgbò wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀ nígbà náà, ní ọmọ ogun púpọ̀ àti ṣakabùlà púpọ̀, Ààrẹ Látòósà sì ni ó ṣíwájú wọn. Àwọn Èkìtì Parapọ̀ tí Ògèdèǹgbé ṣe balógun fún rí ìbọn tuntun gbà láti ọwọ́ àwọn ọmọ wọn tí ó wà ní Èkó: Snider àti Martini-Henry, tí a ń ki láti ìdí, tí ó sì lè ró bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú kan.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ìbọn tuntun náà dá Ìbàdàn dúró lóòótọ́. Ẹ̀rù bà wọ́n nígbà tí wọ́n rí i pé ọta ń bá wọn láti ibi tí ìbọn tiwọn kò lè dé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó pẹ́, Ìbàdàn náà wá irú rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sì jókòó ti ara wọn ní ibùdó fún ọdún púpọ̀, ẹnì kan kò lè ṣẹ́gun ẹnì kejì. Látòósà kú sí ojú ogun ní ọdún 1885. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni ó mú àdéhùn ọdún 1886 wá, ó sì di ọdún 1893 kí ibùdó ogun tó tú. Ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ yẹ kí ó fi yé ọmọ ilé ìwé nínú ìtàn yìí ni pé ìbọn tí ó yára lè sọ ìjà di gígùn, kò sọ ọ́ di píparí. Bí ẹnì kan bá ra tirẹ̀, ọ̀tá rẹ̀ yóò ra tirẹ̀ pẹ̀lú.

Àwọn kan yóò sọ pé ìtàn ayé àtijọ́ nìyí, ayé ti yí. Wọ́n ní àwọn ajínigbé wà ní ojú ọ̀nà, AK-47 ni wọ́n sì ń gbé, ìbọn tí ara Rọ́ṣíà tí ń jẹ́ Kalashnikov ṣe ní ọdún 1947, tí ó lè da ọta jáde bí òjò. Kí ni ọdẹ tí ó gbé ṣakabùlà yóò fi wọ́n ṣe? Ọ̀rọ̀ yìí ní ìwọ̀n. Òun ni ó bí Àmọ̀tẹ́kùn tí àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá jùmọ̀ gbé kalẹ̀ ní Ìbàdàn ní oṣù Kìíní ọdún 2020, tí wọ́n sì gba ọ̀pọ̀ ọdẹ sínú rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, Gómìnà Rótìmí Akérédolú ti Òǹdó, tí ó ti dolóògbé báyìí, bínú sọ̀rọ̀ ní gbangba pé kò tọ́ kí Àmọ̀tẹ́kùn máa fi ìbọn kékeré dojú kọ ẹni tí ó gbé ìbọn ogun. Kò sí ẹni tí ó ti sin òkú ẹni tí àwọn ajínigbé pa tí yóò sọ pé irọ́ ni ó pa.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì ni a ń pò pọ̀ níhìn-ín, ó sì yẹ kí a yà wọ́n. Èkíní ni ti ẹni tí ìjọba rán, tí ó wọ aṣọ, tí a kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, tí a lè mú bí ó bá ṣi ìbọn lò. Èkejì ni ti ọmọ ọlọ́mọ tí ó fẹ́ ra tirẹ̀ sí abẹ́ ibùsùn nítorí pé kò wọ́n. Ẹni èkíní, ìjọba ni yóò pinnu irú ìbọn tí ó tọ́ sí i, ìpinnu náà kò sì yẹ kí ó pẹ́, nítorí ẹ̀mí ń lọ. Ẹni èkejì ni àṣà àti òfin gbọ́dọ̀ dá lẹ́kun.

Òfin kò dákẹ́ lórí rẹ̀. Òfin Ìbọn tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní ọdún 1959 pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ẹ̀ka kìíní ni àwọn tí a kà léèwọ̀ pátápátá àfi pẹ̀lú àṣẹ olórí orílẹ̀-èdè: àgbá, bọ́ǹbù, ìbọn arọ̀jò ọta, ìbọn ológun àti ìbọn ìléwọ́. Ẹ̀ka kejì ni ìbọn tí ará ìlú lè ní pẹ̀lú ìwé àṣẹ, bí ìbọn ọlọ́ta wẹ́wẹ́. Ẹ̀ka kẹta ni ṣakabùlà àti gbogbo èyí tí a ń ki láti ẹnu, àwọn náà sì nílò ìwé àṣẹ. Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí ni pé nínú ẹ̀ka kejì yìí, òfin yọ ìbọn ọlọ́ta wẹ́wẹ́ tí ń ki ara rẹ̀ kúrò. Àwọn tí ó ṣe òfin náà rí ibi tí ewu wà. Ibi tí ìbọn bá ti ń ki ara rẹ̀, níbẹ̀ ni wọ́n fa ìlà sí.

Èjìgbò pàápàá kò ní láti lọ jìnnà kí ó tó rí ẹ̀kọ́. Ìtàn tí a ń sọ nípa ọdún Ògìyán ni pé ọ̀rẹ́ ọba kan, babaláwo, ti ìrìn àjò dé, ó sì fi orúkọ tí ọ̀rẹ́ fi ń pe ọ̀rẹ́ bèèrè ọba ní ẹnu ọ̀nà ààfin. Àwọn ẹ̀ṣọ́ kò bèèrè ẹni tí ó jẹ́. Wọ́n rò pé ó tàbùkù ọba ni. Wọ́n lù ú, wọ́n sì tì í mọ́lé. Ìyà jẹ ìlú fún ọdún púpọ̀ nítorí ọ̀ràn náà, títí wọ́n fi tú u sílẹ̀ tí wọ́n sì tọrọ àforíjì. Láti ìgbà náà ni Ìsàlẹ̀ Òṣolò àti Òkè Mapó ti ń fi àtòrì na ara wọn ní ọjọ́ ọdún. Ọwọ́ tí ó yára ju ojú lọ ni ó fa gbogbo rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìbọn tí ń ki ara rẹ̀ ni àwọn ẹ̀ṣọ́ náà gbé dání ní ọjọ́ yẹn, ta ni ìlú ì bá tú sílẹ̀? Ọ̀dọ̀ ta ni wọn ì bá ti tọrọ àforíjì?

Ẹ sì tún wo ọgbọ́n tí ó wà nínú ìnà náà. Ìlú mọ̀ pé agbára wà lára ọ̀dọ́, kò sì sọ pé kí wọ́n pa á mọ́ra. Ó fún un ní ọjọ́, ó fún un ní ibi, ó sì yan ohun èlò rẹ̀. Àtòrì ni, kì í ṣe àdá. Ìlú tí ó mọ bí a ti ń fi ààlà sí pàṣán kò yẹ kí ó kùnà láti fi ààlà sí ìbọn.

Ẹ̀kọ́ kan tún wà ní Àbíjàn. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí agboolé kan ní Èjìgbò tí kò ní ọmọ ní ilẹ̀ Côte d’Ivoire. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ nígbà tí ogun bẹ́ ní ọdún 2002, àti nígbà rúkèrúdò tí ó tẹ̀lé ìbò ọdún 2010, mọ ohun tí ìgboro ń dà nígbà tí ìbọn tí ó yára bá bọ́ sí ọwọ́ ọmọdé tí ẹnikẹ́ni kò kọ́. Nǹkan bí ẹgbẹ̀ẹ́dógún, èyí ni 3,000 ènìyàn, ni ó bá rúkèrúdò kejì yìí lọ láàárín oṣù díẹ̀. Ẹni tí ó bá ń fẹ́ kí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní ilé, kí ó kọ́kọ́ bi àwọn tí ó sá wálé léèrè.

Kò yẹ kí á wá tìtorí èyí máa yin ṣakabùlà bí ẹni pé kò ní àléébù. Ìròyìn ọdẹ tí ó yìnbọn lu ènìyàn nítorí pé ó rò pé ẹran ni, kì í ṣe ìròyìn àjèjì. Ìbọn tí a fi páìpù omi rọ a máa fọ́ mọ́ olówó rẹ̀ lọ́wọ́. Ní ibi ìsìnkú àti ayẹyẹ, àwọn kan a máa yìnbọn pẹ̀lú ọtí lójú. Àwọn ọ̀dọ́ kan sì ti kú níbi tí wọ́n ti ń dán ayẹta wò, tí ọ̀rẹ́ wọn sì di apànìyàn ní ọ̀sán gangan. Ìbọn tí ń jáfara kò sọ òmùgọ̀ di ọlọ́gbọ́n. Ó kàn dín ibi tí ó lè ṣe kù ni. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé kí á dá ìbọn tuntun dúró gbọ́dọ̀ ṣe tán láti tún ti àtijọ́ ṣe.

Ohun tí ó yẹ kí á ṣe kò kọjá agbára wa. Kí Olúọ́dẹ ìlú kọ̀ọ̀kan ní ìwé tí orúkọ ọdẹ àti ìbọn rẹ̀ wà, kí ọlọ́pàá sì mọ̀ sí i. Kí ẹgbẹ́ ọdẹ ní pápá kan lẹ́yìn ìlú, kí wọ́n mọ òkìtì erùpẹ̀ gíga sí ìdí rẹ̀, kí ó sì jẹ́ pé ẹni tí kò bá tíì yege níbẹ̀ lójú àgbà kò ní gba ìwé àṣẹ. Kí ọdẹ òru má ṣe yìn ojú tí ó ń tàn nínú iná títí yóò fi rí ara tí ó ni ojú náà. Kí ìbọn ẹ̀yẹ jẹ́ ẹ̀tù lásán, láìsí ọta, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí òkè, kí ó sì jẹ́ ẹni tí kò fi ẹnu kan ọtí ni yóò yìn ín. Kí ìdánwò ayẹta di èèwọ̀ tí gbogbo ẹgbẹ́ yóò fi irin Ògún búra lé lórí. Bí ìjọba bá sì fún Àmọ̀tẹ́kùn ní ìbọn tí ó le ju èyí lọ, kí ẹ̀kọ́ wọn náà le ju èyí lọ. Bí ìbọn bá ti ń yára sí i ni ó yẹ kí ìkọ́ni máa pẹ́ sí i.

Kì í ṣe pé àwọn ọ̀dọ́ burú. Ọmọ tí ó yìnbọn ní pápá ìlú òyìnbó tí ó sì pe baba rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ gidi ni. Ó ní ẹni tí yóò bi í léèrè ọta mẹ́rin tí ó sọnù. Ẹ̀rù tí ó yẹ kí ó bà wá ni ti ọmọ tí yóò gbé ìbọn tí ó yára, tí kò sì ní ẹni tí yóò bi í ní ìbéèrè kankan. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ti ọmọ yìí kò ní mọ lórí títa ilé. Ó lè sọ ilé di ahoro.

Nítorí náà, kí àgbà tí ó ní ẹnu má ṣe dákẹ́, kí olùkọ́ tí ó ní ẹ̀ṣọ́ ọmọ lọ́wọ́ má ṣe fojú fò ó, kí ọ̀dọ́ tí ojú ń kán sì dúró gbọ́. Ìbọn ní apátí, ìbọn ń ki ara rẹ̀, ẹnu kan náà ni ó ní, ẹ̀mí kan náà ni ó sì lè gbà. Kí Elédùmarè má ṣe jẹ́ kí á fi ọwọ́ ara wa ṣe ara wa.